Adìyẹ Mélòó Ni Kí Ẹ Fi Bẹ̀rẹ̀?

 

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi mí ní kíláàsì alẹ́ wa. Bí a bá ti kàwé tán, tí a fẹ́ pa iná, ẹnì kan á dìde, á ní: “Olùkọ́, ẹran wo ni mo lè sìn tí yóò tètè mú owó wá?”

Ìbéèrè ni èmi náà fi máa ń dá a lóhùn. Kí ni ẹ ní nílé tí ẹran náà yóò jẹ? Ta ni yóò fún un ní omi nígbà tí ẹ bá lọ sí oko? Ta ni yóò rà á lọ́wọ́ yín? Ẹni tí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó má tíì mú owó lọ sí ọjà.

Ohun tí ó kọ́ mi ní ìbéèrè yìí ni pé èmi fúnra mi kò bi ara mi. Nígbà tí mo kúrò ní ilé-ìwé, mo rí àwọn tí ń sin adìyẹ òyìnbó ní ẹ̀bá Àjàṣẹ́, ojú mi sì wọ̀ ọ́. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí a jọ ń dá èésú. Mo ra òròmọdìyẹ 50. Mo kó wọn sínú páálí, mo gun zémìjàn, ó di abúlé wa. Oṣù kejìlá ni, ọyẹ́ ti dé. Yàrá tí mo kó wọn sí kò ní ìlẹ̀kùn gidi. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, òtútù mú wọn, wọ́n ń gun ara wọn lórí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ka òkú 9. Oúnjẹ inú àpò tí mo rà tán ní ọ̀sẹ̀ kejì, owó ọwọ́ mi sì ti tán ṣáájú rẹ̀. Mo wá ń fún wọn ní àgbàdo lílọ̀ nìkan. Nígbà tí ó di oṣù kejì, àrùn wọlé. Ó ku 4. Ọdún méjì gbáko ni mo fi san gbèsè náà, ìyàwó mi kò sì tíì jẹ́ kí n gbàgbé.

N kò sọ pé adìyẹ òyìnbó burú. Ó máa ń tó oṣù márùn-ún kí abo wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin. Ẹni tí ó ní owó oúnjẹ oṣù márùn-ún náà lọ́wọ́, tí ó sì sún mọ́ ìlú ńlá, lè jèrè níbẹ̀. Èmi kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sì í ṣe irú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ẹran yòókù ní ṣókí, nítorí wọ́n á máa sọ tiwọn fún yín.

Ẹlẹ́dẹ̀ ń bímọ púpọ̀. Oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́ta ni oyún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun gidi, àwọn aládùúgbò mìíràn kò sì fẹ́ rí i rárá. Ẹ rántí ọdún 1997 pẹ̀lú, nígbà tí àrùn ẹlẹ́dẹ̀ kan wọ ilẹ̀ Benin. Ẹlẹ́dẹ̀ kú bẹẹrẹ. Kò sí oògùn tí ó ń wo àrùn náà sàn, ó sì tún lè padà wá.

Ehoro kò gba ààyè. Ọjọ́ 31 tàbí bẹ́ẹ̀ ni oyún rẹ̀, koríko sì ni ó ń jẹ jù. Ṣùgbọ́n ooru ń tètè pa á, koríko tútù tí ìrì wà lára rẹ̀ sì máa ń mú kí inú rẹ̀ wú. Ní abúlé kan tí mo mọ̀, àwọn ọ̀dọ́ sin ehoro títí ó fi kún ilé, kò sí ẹni tí ó rà á. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀yà ńkọ́? Gbogbo wa ni a fẹ́ràn ẹran rẹ̀. Láti bí ọdún 1980 sí 1990 ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Benin àti ti Jámánì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí bí a ṣe lè máa sìn ín nínú ilé, dípò kí a máa tiná bọ igbó nítorí rẹ̀. Eèsún àti pòròpòrò àgbàdo ni ó ń jẹ, a sì ní wọn. Àmọ́ oyún rẹ̀ tó oṣù márùn-ún. Ẹ̀rù máa ń tètè bà á, ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára, owó tí a fi ń ra ìyá rẹ̀ kò sì kéré. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń sìn ín kí ẹ tó rà á.

Ewúrẹ́ dára. Oṣù márùn-ún ni òun náà fi ń lóyún, ó sì máa ń bí méjì lẹ́ẹ̀kan. Èèpo ẹ̀gẹ́ àti èèpo iṣu ń tó o jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbàdo bá ń hù, ewúrẹ́ tí a kò so lè fa ẹjọ́ tí owó rẹ̀ ju ti ewúrẹ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ìgbésẹ̀ kejì.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni adìyẹ ìbílẹ̀, èyí tí àwọn ìyá wa ń sìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Adìyẹ yìí mọ bí a ṣe ń wá oúnjẹ. Ó ń sàba fúnra rẹ̀. Kò sí ọjà kan láti Kétu dé Sábẹ̀ẹ́ tí wọn kì í ti í rà á. Ohun kan tún wà. Bí ibà bá mú ọmọ lóru, ẹ kò lè gé ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kan tà fún owó oògùn. Adìyẹ kan ni owó kékeré tí ó ń rìn ní àgbàlá.

Abo 4 àti akọ 1 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 4, ẹ ó mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹ ṣe mọ ọmọ yín, ẹ ó sì mọ èyí tí kò jẹun láàárọ̀.

Ẹ má lọ rà wọ́n ní ọjà nígbà ọyẹ́. Ní àsìkò yẹn, ẹni tí adìyẹ rẹ̀ ń kú ni ó máa ń yára kó èyí tí ó kù lọ sí ọjà. Ó sàn kí ẹ rà á ní agbo ilé ẹni tí ẹ mọ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀: kí ó máa dán. Ẹ wo ogbe rẹ̀: kí ó pọ́n. Kí imú rẹ̀ gbẹ, kí ìdí rẹ̀ má sì ní ìgbẹ́ tí ó lẹ̀ mọ́ ìyẹ́. Ẹ fọwọ́ kan àyà rẹ̀ bóyá ẹran wà níbẹ̀ tàbí egungun lásán. Kí ẹ sì bi ẹni tí ó ni ín pé ọmọ mélòó ni ìyá rẹ̀ máa ń tọ́ dàgbà, nítorí abo tí ó mọ ọmọ tọ́ ju abo tí ó sanra lọ. Akọ, ẹ lọ mú un ní ilé mìíràn, kí ó má baà jẹ́ ọmọ ìyá àwọn abo náà. Bí wọ́n bá dé, ẹ fi wọ́n sábẹ́ àgò fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n jìnnà sí adìyẹ tí ó bá ti wà nílé tẹ́lẹ̀.

Ilé wọn kò ní láti gba owó. Ọparun, amọ̀ àti koríko tó. Kí ó ga kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kí ó ní ìlẹ̀kùn tí a ń tì lálẹ́. Ẹ máa gbá a, kí ẹ da eérú gbígbẹ sí igun kan kí wọ́n lè máa wẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí iná adìyẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí adìyẹ àti ọmọdé jọ sùn nínú yàrá kan. Mo mọ̀ pé olè ń bẹ. Ẹ kan ilé adìyẹ mọ́ ara ògiri yàrá yín láti ìta. Bí olè bá dé, ẹ ó gbọ́.

Bí abo bá fẹ́ sàba, ẹ kó ẹyin tí kò tíì ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ sábẹ́ rẹ̀, 10 tàbí 12. Ẹ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé. Ọjọ́ 21 ni wọn yóò pa. Ní alẹ́ ọjọ́ keje, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ẹyin kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn. Èyí tí ẹ bá rí iṣan pupa nínú rẹ̀ ní ọmọ. Èyí tí ó mọ́ gaara kò ní nǹkan kan.

Wàyí o, ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyá kan ní kíláàsì wa sọ fún mi pé adìyẹ òun kì í pọ̀, pé ayé ló ń ṣe òun. Mo ní kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nọ́ńbà kọ nígbà náà. Lẹ́yìn oṣù kan ó mú ìwé rẹ̀ wá. Ọmọ tí wọ́n pa jẹ́ 11. Àwòdì gbé 3. Òjò pa 2. Alùpùpù tẹ 1. Méjì sọnù, ejò ni àbí ológìnní, kò mọ̀. Ó ku 3. A jókòó, a wo ìwé náà. Kò sí ayé kankan níbẹ̀. Àbùjá ibi tí owó rẹ̀ ń gbà lọ ni a rí.

Ohun tí a ní kí ó ṣe ni èyí. Kí ìyá adìyẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ àgò ńlá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, níbi tí òjò kò dé. Kí omi wà nínú àwo pẹlẹbẹ, kí òkúta kéékèèké wà nínú rẹ̀ kí òròmọdìyẹ má baà rì. Kí ó máa fún wọn ní àgbàdo tí a lọ̀ kúnná díẹ̀ àti èérí. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ikán. Ẹ mú ìkòkò tí ó ti fọ́ létí, ẹ ki koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù sínú rẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i. Ẹ dojú rẹ̀ dé ibi tí ikán ti ń jáde ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì fi ewé bò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ gbọn ikán inú rẹ̀ fún àwọn ọmọ adìyẹ. Ikán ń ṣe fún wọn bí ẹ̀wà ti ń ṣe fún àwọn ọmọ wa: ara wọn á tètè dàgbà.

Ìyá náà tún kó ẹyin 12. Mẹ́wàá pa. Ní oṣù kejì, 8 wà láàyè. Abo kan náà ni, àgbàlá kan náà ni.

Àwòdì ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àrùn kan wà tí ń kó gbogbo wọn. Àwọn kan ń pè é ní lúkúlúkú, àwọn dókítà ẹran ń pè é ní Newcastle. Ìgbà ọyẹ́ ni ó sábà máa ń jà. Adìyẹ á sọ ìyẹ́ apá sílẹ̀, á máa ṣu omi tútù yọ̀yọ̀ bí ewé, ọrùn rẹ̀ lè yí sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí èyí, ó ti pẹ́. Kò sí oògùn rẹ̀, ìbáà ṣe ata, ìbáà ṣe kóró oògùn tí wọ́n ń tà ní ọjà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó wà, ara tí ó dá sì ni a ń fún un. Òun ni èmi kò wá fún adìyẹ 50 mi.

Ìgò àjẹsára kan máa ń tó adìyẹ púpọ̀, òtútù ni a sì ń fi pa á mọ́. Bí ẹnì kan bá dá a rà, ìyókù á ṣòfò. Nítorí náà, kí agbo ilé márùn-ún tàbí mẹ́fà para pọ̀, kí wọ́n ka adìyẹ wọn, kí wọ́n dá owó, kí wọ́n sì pe òṣìṣẹ́ ẹran kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ bi í ní ọjọ́ tí yóò tún padà wá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ̀kan kò tó.

Bí adìyẹ púpọ̀ bá kú lójijì, ẹ má tà wọ́n, ẹ má jẹ wọ́n, ẹ má jù wọ́n sígbó. Ní ọdún 2007, àrùn adìyẹ tí ó lè ran ènìyàn dé ilẹ̀ Benin níbí. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan òkú wọn. Ẹ ránṣẹ́ pe òṣìṣẹ́ ẹran. Ní ọjọ́ gbogbo pẹ̀lú, kí ẹni tí ó bá fọwọ́ kan adìyẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹyin. Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ṣùgbọ́n mo ti rí olè tí kò jẹ ẹyin rí. Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú nílò ẹyin ju àlejò lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹyin ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n sàba lé. Àwọn tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ sè é jinná fún àwọn ọmọ.

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kọ ìwé rẹ̀ lọ. Nígbà tí adìyẹ rẹ̀ pọ̀, ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n fún àlejò láì béèrè. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀: “Àlejò bàálé, 2.” Ọkọ rẹ̀ ka ìwé náà ní ọjọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì sì jọ fi iye kan sí i. Ní ìparí ọdún, ó ta adìyẹ díẹ̀ nígbà ọdún tí owó wọn ga. Ojú ìwé tuntun ni ó ṣí báyìí. Ohun tí ó kọ sí òkè rẹ̀ ni: “Ewúrẹ́, abo, 1.” Ó ti kọ ọjọ́ tí òbúkọ gùn ún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ń ka oṣù.