Bí Ọmọ Ilé-Kéwú Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Sọ́fítíwíà Tí Ó Wà Fún Gbogbo Ènìyàn

 

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ará mọ́sálásí, àti ẹ̀yin ọmọ wa, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni a fẹ́ bá yín sọ. A mọ̀ pé ọkàn ọ̀pọ̀ òbí kì í balẹ̀ bí wọ́n bá rí ọmọ wọn nídìí kọ̀ǹpútà lóru. Ní Agbowó, ní Bódìjà àti ní Challenge, bí ọ̀dọ́ kan bá gbé kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká, àwọn mìíràn ti pè é ní ọmọ yahoo kí ó tó la ẹnu. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe lásán, nítorí pé jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ba ayé ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ọmọ má ṣe èyí, ó yẹ kí a lè fi èyí tí yóò ṣe hàn án. Iṣẹ́ kan wà tí ó jẹ́ hàláálì, tí a kò béèrè ẹni tí ọmọ mọ̀ kí ó tó wọ inú rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ yóò sì wà lára ohun tí ó ṣe ní gbangba.

KÍ NI IṢẸ́ NÁÀ?

Gbogbo sọ́fítíwíà tí ń mú kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣiṣẹ́, ènìyàn ni ó jókòó kọ ọ́, ní ìlà-ìlà. Ohun tí a kọ náà ni à ń pè ní kóòdù. Àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń fi kóòdù tiwọn pamọ́. Àwọn mìíràn gbé tiwọn síta pẹ̀lú ìwé àṣẹ pé ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó lò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Irú èyí ni wọ́n ń pè ní open source.

Ní ọdún 1983 ni Richard Stallman kéde iṣẹ́ GNU ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Finland nígbà náà, gbé Linux jáde. Linux yìí ni ó wà ní ìpìlẹ̀ gbogbo fóònù Android lónìí. Nítorí náà, oníṣòwò tí ó ń fi fóònù Android gba owó ní Dùgbẹ̀, iṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò mọ̀ rí ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Quran for Android, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ka Kùránì lórí fóònù: kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba.

Ẹ jẹ́ kí a wá súnmọ́ ilé. Kọ́lá Túbọ̀sún, ọmọ tí a bí ní Ìbàdàn, tí ó sì kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwé-atúmọ̀ orúkọ Yorùbá tí a ń pè ní YorubaName ní ọdún 2015. Kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ kóòdù lè tún un ṣe, ẹni tí ó bá sì mọ orúkọ kan àti ìtumọ̀ rẹ̀ lè fi í ránṣẹ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìyá àgbà tí kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí lè mọ orúkọ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ rí.

Ọ̀nà mìíràn tí kò gba kóòdù ni Common Voice, tí àjọ Mozilla bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017. Ẹni kan yóò ka gbólóhùn sókè, àwọn mìíràn yóò gbọ́ ọ bóyá ó kà á dáadáa, kí ẹ̀rọ lè fi wọ́n kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ èdè. Èdè Yorùbá wà nínú rẹ̀. Bí àwa kò bá fi ohùn wa sí i, ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ wa yóò máa bá sọ̀rọ̀ lọ́la kò ní gbọ́ èdè ìyá wọn.

BÍ A ṢE Ń BẸ̀RẸ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ fi etí sílẹ̀.

Èkíní: Ẹ mú sọ́fítíwíà tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò. Ẹni tí ó ń lo nǹkan ni ó mọ ibi tí ó ti ń dun ni.

Èkejì: Ẹ ka ìwé tí wọ́n fi ṣíwájú iṣẹ́ náà. Èyí tí wọ́n pè ní README ń sọ ohun tí iṣẹ́ náà wà fún, èyí tí wọ́n pè ní CONTRIBUTING ń sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí àlejò wọlé. Ẹ ka ìwé àṣẹ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta: Ẹ wá iṣẹ́ kékeré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kọ àwọn àṣìṣe tí ó kù láti tún ṣe sílẹ̀, wọ́n á sì fi àmì “good first issue” sí èyí tí ó rọrùn fún ẹni tuntun. Títún ọ̀rọ̀ tí a ṣì kọ ṣe, títúmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Yorùbá tàbí Lárúbáwá, tàbí sísọ àṣìṣe tí a rí, iṣẹ́ gidi ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá ń sọ àṣìṣe, ẹ sọ irú fóònù tí ẹ lò, ohun tí ẹ tẹ̀, ohun tí ẹ retí, àti ohun tí ẹ rí.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ ṣe ẹ̀dà tiyín. Ọmọ kéwú kì í kọ̀wé sínú Kùránì olùkọ́. Orí wàláà tirẹ̀ ni ó ń kọ ọ́ sí, kí àfáà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bákan náà ni níbí. Git, tí Linus Torvalds kọ ní ọdún 2005, ni ọ̀pọ̀ ń lò láti tọ́jú ẹ̀dà àti ìtàn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan. GitHub, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008, sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ń kó iṣẹ́ sí. Ohun tí ó dára fún àwa ará Ìbàdàn ni pé Git kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí a bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ lè ṣe é títí iná yóò fi lọ. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gba ẹ̀dà tàbí tí ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ nìkan ni ẹ óò ra dátà.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ fi àtúnṣe yín ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ni iṣẹ́ náà. Èyí ni wọ́n ń pè ní pull request. Ohun kan ṣoṣo ni kí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ yí padà, ìdí rẹ̀, àti bí ẹ ṣe dán an wò. Bí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ bá yín kọ ọ́, ẹ má fi ohun tí kò yé yín ránṣẹ́.

SÙÚRÙ ÀTI ÀMÁÁNÀ

Wọ́n lè dá iṣẹ́ yín padà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ó má ṣe bí yín nínú. Ẹ rántí pé bí a bá ka àyà kan tí a ṣì í kà, olùkọ́ yóò ní kí a tún un kà. Ìdí pàtàkì sì wà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund rí i pé ìwọlé sórí kọ̀ǹpútà kan ń pẹ́ ní bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí ó tọpa rẹ̀, ó bá ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ nínú sọ́fítíwíà kan tí a ń pè ní xz. Ẹni tí ó fi í síbẹ̀ ti bá wọn ṣiṣẹ́ ju ọdún méjì lọ, wọ́n sì ti fọkàn tán an, kí ó tó fi í síbẹ̀. Àmáánà ni ẹni náà dà. Bẹ́ẹ̀, nítorí pé kóòdù náà wà ní gbangba ni Freund fi lè rí i.

Ẹ má ṣe nítorí ẹ̀bùn nìkan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi àtúnṣe tí kò wúlò ránṣẹ́ nítorí ẹ̀wù tí ètò Hacktoberfest ń fún wọn, títí àwọn tó ṣètò rẹ̀ fi yí òfin wọn padà nínú oṣù náà gan-an.

Ní ti kóòdù Kùránì lórí fóònù, a lè tún kóòdù ṣe, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ Kùránì fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tí ó jọ àṣìṣe níbẹ̀, ẹ fi han olùkọ́ yín ná, kí ẹ tó kọ nọ́ńbà súrà àti àyà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Ọ̀RỌ̀ SÍ ÀWỌN ÒBÍ

Ẹ óò béèrè pé, owó ńkọ́? Òtítọ́ ni pé púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí kò ní owó lórí. Àwọn ètò kan wà tí ń sanwó, bíi Google Summer of Code tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, fún ẹni tí ó ti pé ọdún 18. Ṣùgbọ́n èrè àkọ́kọ́ ni ìmọ̀ àti ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ọmọ yín síṣẹ́ lè lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí ó ṣe é, àti bí ó ṣe fèsì nígbà tí wọ́n bá a wí. GitHub kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Nítorí náà, ẹ jókòó ti ọmọ yín, kí ẹ ní kí ó fi ohun tí ó ń ṣe hàn yín. Ọmọ tí ń ṣe iṣẹ́ gbangba kò ní fi í pamọ́ fún yín.

Ìmọ̀ tí àwọn ènìyàn ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lẹ́yìn ẹni, sàráà tí kì í tán ni. A bẹ Ọlọ́hun Ọba kí ó fi àlùbáríkà sí ọwọ́ àwọn ọmọ wa, kí ó fún wọn ní iṣẹ́ hàláálì, kí ó sì má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n da àmáánà. Àmín.