Ìgbà tí páìpù irin tí wọ́n jó pọ̀ nílò ooru lẹ́ẹ̀kejì

Irin tó yọ́ lábẹ́ iná jórinjórin máa ń gbóná kọjá 1,500 dígírì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, nígbà tí èyí tó wà nítòsí rẹ̀ ṣì tutù. Bí ojú jíjó náà bá ti ń tutù, ó fẹ́ sún kì, irin tó yí i ká kò sì gbà fún un. Báyìí ni ìfà ṣe ń kù sínú páìpù, tí ojú lásán kò lè rí. Etí ojú jíjó náà tún lè le jù; irin tó bá sì le jù kì í tẹ̀, ńṣe ló máa ń sán.

Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé kí wọ́n fi wáyà oníná yí ojú náà ká, kí wọ́n bò ó, kí wọ́n tún mú un gbóná díẹ̀díẹ̀. Fún irin kábọ̀nù, wọ́n máa ń gbé e dé 595 sí 650 dígírì, wákàtí kan fún mìlímítà 25 tó bá nípọn, kí wọ́n tó jẹ́ kó rọra tutù. Irin náà kò ní yọ́. Yóò kàn rọ̀ débi tí ìfà inú rẹ̀ á fi dẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ń gba owó àti àkókò, nítorí náà kì í ṣe gbogbo páìpù ni wọ́n ń ṣe é fún. Nínú ASME B31.3, òfin Amẹ́ríkà fún páìpù ilé ìfọpo àti ilé iṣẹ́ kẹ́míkà, irin kábọ̀nù tó bá nípọn ju mìlímítà 19 lọ ló pọn dandan fún tẹ́lẹ̀. Láti 2014, èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ pàápàá lè bọ́ níbẹ̀, bí wọ́n bá fi ọ̀pọ̀ ìpele jó o, tí wọ́n sì ti mú èyí tó ju mìlímítà 25 lọ gbóná dé 95 dígírì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Irin tí krómíọ̀mù rẹ̀ tó ìdá 9 nínú 100, tí oru omi gbígbóná ń gbà kọjá nílé iṣẹ́ iná mànàmáná, kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Bó ti wù kó tín-ín-rín tó, dandan ni. Bí ooru lẹ́ẹ̀kejì náà bá sì kọjá ààlà, agbára irin náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Sítéènlẹ́ẹ̀sì bíi 304 yàtọ̀ pátápátá: kò nílò rẹ̀, bí wọ́n bá sì dá a dúró láàárín 425 sí 850 dígírì, krómíọ̀mù tó ń dáàbò bò ó á lọ so mọ́ kábọ̀nù, ìpẹtà á sì ríbi wọlé.

Nínípọn àti irú irin nìkan kọ́ ló ń pinnu. Ohun tó ń ṣàn nínú páìpù ṣe pàtàkì bákan náà. Sódà kọ́sítíìkì, àmáìnì àti háídrójìn sọ́fáìdì tó bá pàdé omi máa ń la irin tí ìfà wà nínú rẹ̀. Ní July 23, 1984, àgbá irin gíga tí wọ́n fi ń fi àmáìnì fọ gáàsì ní ilé ìfọpo Union Oil ní Romeoville, ìpínlẹ̀ Illinois, bú gbàù. Èèyàn 17 kú. Ní 1974 ni wọ́n pààrọ̀ apá kan ara rẹ̀, wọn kò sì fún ojú jíjó ibẹ̀ ní ooru lẹ́ẹ̀kejì, torí irin tó nípọn ní nǹkan bíi mìlímítà 25 kò tó èyí tí òfin ní kí wọ́n ṣe é fún. Etí ojú jíjó yẹn gan-an ni sísán náà ti bẹ̀rẹ̀, láti inú àgbá bọ̀ síta. Lẹ́yìn náà ni American Petroleum Institute gbé ìtọ́sọ́nà jáde fún àwọn tó ń lo àmáìnì, èyí tó ka ooru lẹ́ẹ̀kejì sí ààbò àkọ́kọ́ fún irin kábọ̀nù, títí kan páìpù tí kò nípọn.