Ọkọ̀ Ọdẹ Pẹ́pẹ́yẹ: Omi Ni Ó Ń Tọ́jú Pákó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò mú ọ̀bọ a ṣe bí ọ̀bọ. Àwọn ọdẹ etí òkun New Jersey ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà lè máà gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ìṣe wọn. Pẹ́pẹ́yẹ igbó tí ń jẹ̀ ní àbàtà Barnegat Bay a máa ríran jìnnà. Bí ohun kan bá ṣàdédé ga sókè lójú omi, ó ti fò lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kan ọkọ̀ tí yóò jọ àbàtà fúnra rẹ̀.

Hazelton Seaman, ará West Creek, ni ìtàn sọ pé ó kọ́kọ́ kan irú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1836. Sneakbox ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe àpótí ayọ́rìn. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 12, ìbú rẹ̀ sì tó 4. Iwájú rẹ̀ tẹ̀ bí ṣíbí. Pákó bo òkè rẹ̀, àfi ihò kan ṣoṣo tí ọdẹ ń dùbúlẹ̀ sí. Igi kédárì funfun inú irà agbègbè náà ni wọ́n fi ń ṣe é, nítorí pé ó fúyẹ́, kì í sì í tètè jẹrà.

Láyé ọjọ́un, ọ̀pọ̀ ọdẹ ń pa pẹ́pẹ́yẹ tà lọ́jà. Nígbà tí ẹyẹ ń tán lọ, òfin ọdún 1918 fòpin sí òwò náà. Láti 1934 ni ọdẹ ti ń ra sítáǹbù ìjọba. Ní 1991 ni a sì fòfin de ọta òjé fún ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, nítorí pé májèlé ni fún ẹyẹ tí ó bá gbé e mì. Ọkọ̀ alumíníọ̀mù àti ti fáíbà dé, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onígi sì di ẹrù inú ilé ìkẹ́rùsí.

Ibẹ̀ ni ewu wà. Pákó tí kò rí omi a súnkì, oríkèé rẹ̀ a sì là. Ẹni tí ń tún un ṣe kì í kánjú. Yóò kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà dúró dáadáa kí ó má baà wọ́, yóò ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, yóò sì máa fi ṣóńṣó ọ̀bẹ wá ibi tí igi ti rà. Pákó tí ó bá yọ kì í ṣe ohun àjùnù: òun ni yóò fi wọn tuntun. Yóò pààrọ̀ ìṣó tí ó ti dípẹtà, yóò fi òwú àti pọ́tì dí ojú àlàfo, yóò sì kun ún ní ọ̀dà tí kò dán, aláwọ̀ koríko gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò rẹ ẹ́ sómi títí pákó yóò fi wú, tí yóò sì pàdé. Àwọn mìíràn a máa fi fáíbà wé e kí iṣẹ́ lè yá, ṣùgbọ́n omi tí ó bá wọ abẹ́ fáíbà kì í rọrùn fún láti jáde. Igi a sì máa jẹrà ní ìkọ̀kọ̀.

Ó ku ìgbáradì ọdẹ. Pẹpẹ kékeré wà lẹ́yìn ọkọ̀ fún ère pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi ń tan ẹyẹ. Ibi tí àjẹ̀ ń gbé lé a máa ṣẹ́ wálẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà nísàlẹ̀ kí a lè wọ́ ọkọ̀ kọjá lórí omi dídì. Koríko àbàtà ni a ó fi bò ó kẹ́yìn.

Ọkọ̀ tí a gbé pamọ́ láti bọlá fún un ni yóò kọ́kọ́ là. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọgbọ́n ọwọ́ rí: bí àgbà tí ó mọ̀ ọ́n kò bá rí ọ̀dọ́ tí yóò di pákó mú fún un, gbígbẹ ni yóò gbẹ.