Ṣé o mọ̀? Mítà yìí lè kà ju bí wọ́n ṣe tà á lọ
UNI-T UT210E, mítà kékeré tí àwọn oníṣẹ́ iná máa ń fi ẹnu rẹ̀ há wáyà láti mọ iye iná tó ń kọjá, ojú rẹ̀ kì í kà ju nǹkan bí 2000 lọ. Síbẹ̀, agbára àtikà dé 6000 wà nínú rẹ̀. Ṣíìpù ẹlẹ́sẹ̀ 8 kan, tí kò gbà ju báìtì 256 lọ, ló dè é mọ́lẹ̀. Àwọn tó mọwọ́ ẹ̀rọ ń fi CH341A, irinṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú tí ń kọ nǹkan sínú ṣíìpù, tú u sílẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń yí àkókò tí mítà náà fi ń pa ara rẹ̀ padà. Àmọ́ inú ṣíìpù kan náà ni ìdiwọ̀n tí wọ́n ṣe fún mítà yẹn gan-an wà; ẹni tí kò bá kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ lè sọ mítà di òpùrọ́.