Irin Kì í Purọ́: Báṣé Àtijọ́ Kan ní Banikanni

Ní àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó gba gbogbo àgbàlá, ìró òòlù ni a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ní ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì tó wà ní àdúgbò wa ní Banikanni. Kì í ṣe òòlù ẹni tí ń fi agbára lu irin. Bàbá tó ni ilé iṣẹ́ náà, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Mẹkáníìkì, a máa fi òòlù kékeré kan irin abẹ́ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀, a sì dẹ etí sílẹ̀ bí oníṣègùn tí ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ibi tí irin bá ti dún gbọnrangandan, ó dára. Ibi tí ó bá ti dún gbì, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ nínú. “Ẹ má wo ọ̀dà,” ni ó máa ń wí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. “Ọ̀dà a máa purọ́. Irin kì í purọ́.”

Ọkọ̀ tí wọ́n gbé sórí òkúta ní àgbàlá náà láti ìgbà òjò tó kọjá ni Peugeot 404 kan, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí wọ́n ń fi tapólì bò lórí ọ̀pá irin. Bâchée ni àwọn Faransé ń pè é. Ẹnu àwa ará ìhín ti sọ ọ́ di báṣé. Oníṣòwò iṣu kan ni ó ni ín. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé bá a, ọkọ̀ náà dúró sí ẹ̀yìn ilé, adìyẹ sì ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ olóògbé tó wà ní Kútọnu ní kí wọ́n tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, àwọn tí ń wọn ọkọ̀ lórí ìwọ̀n bí ẹni ń wọn ẹran. Iye tí wọ́n fi lọ ìyàwó rẹ̀ kò tó owó alùpùpù kan.

Ìyá náà, tí òun fúnra rẹ̀ ń ta iṣu ní ọjà Arzèkè, wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó kí wa tán, ó ní: “Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀wé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bi Bàbá léèrè: ṣé òkú ni mọ́tò yìí ni, àbí ó ń sùn?”

Àwa tí à ń wí yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ onífọ̀ǹtẹ̀. Olùkọ́ méjì ni wá, pẹ̀lú ajórin kan, awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ bí àwọn mìíràn ti fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Bàbá Mẹkáníìkì yẹ ọkọ̀ náà wò fún ọjọ́ méjì gbáko kí ó tó dáhùn. “Ẹ sọ fún Ìyá pé ó ń sùn ni. Ṣùgbọ́n oorun rẹ̀ wúwo.”

Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kà wá mọ ohun tí irú ọkọ̀ yìí jẹ́. Ní 1960, ọdún kan náà tí Dahomey gba òmìnira, ni ilé iṣẹ́ Peugeot gbé 404 jáde ní Faransé. Ilé Pininfarina ti Ítálì ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ní ìdíje Safari ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń sá lórí eruku àti ẹrẹ̀, 404 gba ipò kìíní ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. Àbúrò rẹ̀, 504, jáde ní 1968, òun náà sì borí ní Safari ní 1975 àti 1978. Báṣé ti 504 tẹ̀ lé e ní 1979. Ní Kenya, wọ́n ṣì ń to 404 pọ̀ títí di 1991. Ní Kaduna, ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ Peugeot ṣí ní oṣù kẹta ọdún 1975, 504 ni wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún tò pọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ tí a bí ní Faransé di ọmọ Áfíríkà, ó sì kọ́ ojú ọ̀nà wa.

Kò sì sí ìlú tí báṣé yẹ bíi tiwa. Ojú irin tó gbéra ní Kútọnu parí sí Parakou lẹ́yìn kìlómítà 438. Láti ibẹ̀ lọ, títì ni ẹrù ń gbà lọ sí Malanville. Ọkọ̀ àjàgbé ló ń kó ẹrù náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àjàgbé kì í wọ oko. Báṣé ló ń gba ọ̀nà tóóró wọlé lọ kó iṣu, àgbàdo, èédú àti ewúrẹ́ wá sí ọjà. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a jókòó sí kíláàsì lónìí, ẹ̀yìn báṣé ni owó ilé ìwé wa ti wá.

Kí ló dé tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ṣeé jí dìde ní àgbàlá tí kò ní ju igi máńgòrò kan, àpótí sípánà kan àti ẹ̀rọ ajórin lọ? Ìdáhùn wà nínú bí wọ́n ti ṣe é. Nínú ẹ́ńjìnnì 404, ihò tí pístọ̀nù ń gòkè tí ó ń sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀ ní ẹ̀wù irin tó ṣeé bọ́. Chemise, èyíinì ni ẹ̀wù, gan-an ni àwọn Faransé ń pè é. Bí ó bá ti jẹ, kò di dandan kí a gbé ẹ́ńjìnnì lọ sí ilé ẹ̀rọ ńlá láti gbẹ́ ihò rẹ̀. A ó bọ́ ẹ̀wù àtijọ́, a ó wọ tuntun fún un pẹ̀lú pístọ̀nù tirẹ̀. Iná tí ń ran epo wá láti ọ̀dọ̀ irin kékeré méjì tí ń pàdé tí wọ́n ń pínyà, vis platinées. Bébà kékeré àti ojú tó ríran dáadáa tó láti tún un ṣe. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀ tí yóò kọ̀ láti jẹ́ kí a fọwọ́ kàn án.

Bíréèkì ni a fi bẹ̀rẹ̀, kí a tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rárá. Òfin Bàbá ni: ọkọ̀ tí kò lè dúró, kò gbọdọ̀ gbéra. A kò ní fi irọ́ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ níhìn-ín: báṣé tí a kò tọ́jú ti pa ènìyàn púpọ̀ ní ojú ọ̀nà wa. Ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ, èrò tó jókòó sórí ẹrù, ràbà bíréèkì tó ti gbó: gbogbo wa mọ ìtàn náà. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́, tí kò bìkítà fún bíréèkì rẹ̀, kò fẹ́ràn nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, tó ti ka òfin Pascal sórí fún ìdánwò, tẹ bíréèkì náà nígbà tí a parí rẹ̀, ó sì rí i bí agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gba inú omi bíréèkì kọjá dé gbogbo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. “Mọ̀síọ̀,” ni ó wí, “ṣé ohun tí ẹ kọ sí pátákó nìyí?” Òun náà ni.

Lẹ́yìn èyí ni ìrìn àjò páàtì bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ní ọ̀nà Chikanda àti Nikki. Díẹ̀ wá láti ọjà Ladipo ní Èkó lọ́wọ́ ẹni tó lọ kí ẹbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù wá láti inú àwọn àgbá tó wà lẹ́yìn ilé Bàbá, níbi tí ó ti ń kó irin ọkọ̀ tó ti kú pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn aládùúgbò ti ń bínú sí àgbá wọ̀nyí, wọ́n ní pàǹtírí ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà Bàbá ni ọkọ̀ Ìyá fi wọṣọ.

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí ṣẹlẹ̀ nígbà tí a dé ìdí ẹ̀yìn ọkọ̀, pont arrière. Lára 404, irin kan tí a gé yípo bíi sukúrúù, vis sans fin, ni ó ń yí kẹ̀kẹ́ eléyín kan tí a fi idẹ ṣe, òun ló sì ń yí táyà ẹ̀yìn. Ọmọ iṣẹ́ kan ti ṣí gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì jíà tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ ìsinsìnyí, ó fẹ́ dà á sí i. Bàbá pariwo mọ́ ọn láti òdì kejì àgbàlá: “Dúró! Ìyẹn kọ́!” A bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: “Èmi kò mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀gá mi ni ó sọ pé ẹni tó bá da irú ọ́ìlì yẹn sí 404, yóò padà wá sunkún.”

Ìwé àtúnṣe kan wà nínú àpótí rẹ̀, Revue Technique ti 404, tí gírísì ti lẹ ojú ewé rẹ̀ pọ̀. Bàbá kò ka ìwé Faransé. Àwọn àwòrán rẹ̀ nìkan ni ó ń wò. A bá a ṣí i. A rí i níbẹ̀ pé òróró tí a ṣe láti ara èso lárà ni wọ́n ń béèrè fún ìdí ọkọ̀ yẹn, pé kò sì gbọdọ̀ bá irú ọ́ìlì mìíràn dàpọ̀. Kẹ́mísírì tí à ń kọ́ni sì ṣàlàyé ìyókù: imí ọjọ́ tó wà nínú àwọn ọ́ìlì jíà kan a máa jẹ idẹ. Ọwọ́ mọ òfin, kò mọ ìdí rẹ̀. Ìwé mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kà á. Bí Bàbá kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìwé ìbá wà nínú àpótí, idẹ ìbá sì parun. A ránṣẹ́ sí Kútọnu fún òróró tó yẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a sì fi dúró dè é.

Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni a bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé àjákọ kan. Ní gbogbo Sátidé, akẹ́kọ̀ọ́ kan a ka ojú ewé kan ní Faransé; Bàbá a fi ohun náà hàn lára ọkọ̀, a sọ orúkọ tí òun ń pè é àti ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ nípa rẹ̀; ọmọ iṣẹ́ kan a sì kọ ọ́ ní Yorùbá. Carburateur ni Bàbá ń pè ní ọ̀fun ọkọ̀, nítorí ibẹ̀ ni epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé, ibẹ̀ sì ni ìdọ̀tí inú epo kpayo ti máa ń há. Bougie ni ìṣáná. Joint de culasse ni awọ abẹ́ ìdérí, èyí tí ń jó bí omi bá tán nínú radiateur. Àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì tí ń múra fún ìdánwò CQM ni wọ́n ń kọ ọ́ jù. Àwọn ọmọ kíláàsì wa sì ti kọ́ bí a ti ń kí àgbà kí wọ́n tó bi í ní ìbéèrè.

Ní Faransé, àwọn olólùfẹ́ irú ọkọ̀ yìí pọ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Peugeot wà ní Sochaux láti 1988, àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì ń fi ọjọ́ Àìkú nu ọkọ̀ wọn títí yóò fi dán bíi dígí. A kò bú wọn. Ohun tí a lè kọ́ lára wọn ni pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: wọ́n mọ ìwọ̀n gbogbo nọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tiwa yàtọ̀. A kò tún báṣé ṣe kí ó lè dúró ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. A tún un ṣe kí ó lè padà sóko.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nígbà ọyẹ́, Bàbá fi ọwọ́ fa epo wá, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ da ọ́ìlì yẹn sí ìdí ọkọ̀ ni kí ó ṣí i. Ìgbà kìíní, ó kọ́. Ìgbà kejì, ó húkọ́. Ìgbà kẹta, ó dá sílẹ̀, gbogbo àgbàlá sì kún fún èéfín. Ìyá kò pariwo bí a ti rò. Ó fi ọwọ́ lé ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà níbi tí ọkọ rẹ̀ ti máa ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kó iṣu dé Arzèkè. Ọ́ìlì díẹ̀ ṣì ń jò níwájú, tapólì náà sì ti ya ní ibi méjì.

Àwọn ọmọ tó wà ní Kútọnu kò sọ̀rọ̀ irin àlòkù mọ́. Ṣùgbọ́n ojú Bàbá ti ń ṣú; ó ti ń bẹ àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun wo àlàfo vis platinées. Ìwé àjákọ wa kò tíì dé ìdajì. Nítorí náà ni a fi ń bẹ ẹ̀yin òǹkàwé wa: bí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá jẹ́ mẹkáníìkì, ajórin tàbí awakọ̀ báṣé, ẹ má dúró de ọjọ́ ìsìnkú kí ẹ tó béèrè ohun tó mọ̀. Ẹ mú ìwé àti gègé. Ẹ kí i dáadáa. Kí ẹ sì béèrè orúkọ irin kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀.