Ìbọn Tó Ń Fọ́n Síńkì Sára Irin: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́ Wa ní Dadin Kowa

Lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ irin la fẹ́ bá yín sọ. Ẹ wo àwọn òpó irin tí wọ́n gbé tánkì omi lé káàkiri àdúgbò. Ọdún tí wọ́n bá kùn wọ́n ní ọ̀dà, wọ́n á máa dán gbinrin. Kí òjò ọdún kejì tó dá, ọ̀dà ti ń ṣí bí èèpo, irin abẹ́ rẹ̀ sì ti dógùn-ún. Òjò Jos kì í ṣe kékeré, láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá ló ń rọ̀. Owó tí à ń ná láti tún nǹkan kan náà kùn léraléra, bí a bá jókòó ṣírò rẹ̀, ẹnu á yà wá.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà dáàbò bo irin. Irin mìíràn ni wọ́n fi ń bò ó. Kò sì yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa rárá, nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló gbé àwọn baba wa wá síbí. Àwọn Òyìnbó ń wa tánganran lórí òkè yìí, èyí tí Hausa ń pè ní kuza. Rélùwéè dé Bukuru lọ́dún 1914, àwọn oníṣòwò wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú Yorùbá mìíràn sì ń tẹ̀ lé owó kùsà bọ̀. Kí ni wọ́n ń fi tánganran ṣe lọ́hùn-ún? Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń bo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe agolo. Agolo mílíìkì àti ti tòmátò tí à ń pè ní tíìnì, irin ni. Tánganran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lára rẹ̀ ni kò jẹ́ kó dógùn-ún sínú oúnjẹ. Nígbà tí ọjà tánganran àgbáyé dojú dé ní oṣù kẹwàá ọdún 1985, ọ̀pọ̀ ilé ló mọ̀ ọ́n lára níbí. Tánganran tí a wà fún wọn ni wọ́n fi ń bo irin wọn, àwa ń fi ọ̀dà kun tiwa.

Ìbọn kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọkùnrin ará Switzerland kan, Max Ulrich Schoop, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1909 sí 1912. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó rí àwọn ọmọdé tó ń fi ìbọn ìṣeré yin ọta òjé mọ́ ògiri, ó wá ṣàkíyèsí pé òjé náà fẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì lẹ̀ mọ́ra. Ìbáà jẹ́ òótọ́, ìbáà jẹ́ àsọdùn, bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an nìyẹn.

Jórin-jórin kankan kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n, nítorí gáàsì méjì tó ń lò lójoojúmọ́ náà ni, ọ́síjìn àti asẹ́tílìn. Waya síńkì á máa gba ẹ̀yìn ìbọn wọlé, iná gáàsì á máa yọ́ orí rẹ̀, atẹ́gùn láti inú kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ á sì máa fọ́n èyí tó yọ́ jáde wínníwínní, bí àwọn tó ń kun mọ́tò ṣe ń fọ́n ọ̀dà. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan tó bá kan ara irin á fẹ̀ pẹlẹbẹ, á dì lójú ẹsẹ̀, òmíràn á sì bọ́ lé e lórí bí a ṣe ń to páànù léra. Síńkì kì í pẹ́ yọ́, ooru bí ìwọ̀n 420 Celsius ti tó o. Alumíníọ̀mù fẹ́ 660. Ìbọn mìíràn wà tí kì í lo gáàsì, iná mànàmáná ló ń fi yọ́ waya méjì tó ń pàdé ara wọn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan tún wà tó gbóná kọjá sísọ, tí wọ́n fi ń bo ara ẹ́ńjìnnì bàálù. Ìyẹn kò tíì kàn wá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ síńkì? Bí ọ̀dà bá ha, irin ibẹ̀ wà níhòòhò nìyẹn. Bí síńkì bá ha, síńkì tó yí ojú ibẹ̀ ká ni omi á kọ́kọ́ máa jẹ, irin á ṣì wà. Òun ló ń kú dípò irin. Ìdí nìyẹn tí páànù òrùlé tí wọ́n rì sínú síńkì dáadáa fi ń pẹ́. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó ri irin sínú síńkì yíyọ́, àfi kó gbé irin náà lọ síbi tí agbada síńkì wà. Ta ni yóò tú òpó tánkì tàbí afárá tó ti dúró, tí yóò rù ú lọ? Ìbọn ni yóò wá bá a níbi tó wà.

Ó tún wúlò fún nǹkan tó sún mọ́ ìyá ọlọ́ta ju òpó tánkì lọ. Ṣáàfù ẹ̀rọ ìlọta máa ń jẹ níbi tí bíárìn jókòó sí. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó fi iná jó irin kún un, lẹ́yìn náà a ó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ léètì. Iná yẹn ló máa ń tẹ ṣáàfù, tí ẹ̀rọ á fi máa gbọ̀n. Bí a bá fi ìbọn fọ́n irin líle kún un, ṣáàfù kì í gbóná débi tí yóò tẹ̀. Kódà, tánganran tí wọ́n pò mọ́ irin mìíràn ni wọ́n ń fọ́n sínú ilé bíárìn àwọn ẹ̀rọ ńlá kan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òògùn gbogboǹṣe ni o. Ohun tí a fọ́n yìí kò jó wọnú irin bí ti jórin-jórin, ńṣe ló kàn di irin mú. Ṣáàfù tó ti sán, kò lè dè é. Bí ojú irin bá mọ́ tónítóní ṣùgbọ́n tó ń dán, kò ní dì í mú. Àfi kí wọ́n fi irin wẹ́wẹ́ fẹ́ ara rẹ̀ títí yóò fi ṣe hánrunhànrun, kí wọ́n sì fọ́n síńkì sí i láàárín wákàtí mélòó kan, kí ọ̀rinrin tó dé ibẹ̀. Atẹ́gùn kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, kò gbọdọ̀ ní ọ́ìlì. Ẹni tó bá fo ìpele yìí nítorí ìkánjú, ó dà owó síńkì nù, gbogbo rẹ̀ ni yóò ṣí kúrò.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà rèé. Èéfín síńkì máa ń fa ibà. Àwọn ọmọ wa tó ń jó páìpù tó ní síńkì lára ti mọ̀ ọ́n láìmọ orúkọ rẹ̀: ó di alẹ́, òtútù á mú wọn, orí á máa fọ́ wọn, wọ́n á lọ ra oògùn ibà ẹ̀fọn. Wọ́n tún ní mílíìkì ni kí jórin-jórin máa mu. Ikùn ni mílíìkì ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń lọ. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kí wọ́n ti ṣiṣẹ́, kí wọ́n lo ìbòmú tó wà fún èéfín irin, kì í ṣe àkísà tí wọ́n dì mọ́ imú. Kí wọ́n bo etí, nítorí ìbọn náà ń pariwo gidigidi. Kí wọ́n má sì ṣe fi yanrìn odò fẹ́ irin láéláé, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ tí kò sí àtúnṣe.

Ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín kò pamọ́. Àwa tí wọ́n ń pè ní àtìpó mọ bí ó ṣe rí fún ọmọ wa tó bá ń wá iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n bi í ní ìwé ẹ̀rí ọmọ onílùú. Àwọn kan ti wà lọ́nà Èkó, àwọn kan ń bèèrè ọ̀nà Líbíà. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́ kì í béèrè ibi tí wọ́n ti bí ẹni tó máa tún un ṣe. Orúkọ àdúgbò wa ní èdè Hausa ni ìgbádùn gbogbo ènìyàn. Nígbà rògbòdìyàn 2001, 2008 àti 2010, àwọn àgbà Mùsùlùmí àti Kristẹni níbí jọ jókòó sọ̀rọ̀ kí ìjà má baà wọ àdúgbò. Ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ Berom, ọmọ Hausa, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Yorùbá ti jọ ń kọ́ṣẹ́, ohun tí a fẹ́ nìyẹn.

Owó ìbọn, kọ̀m̀púrẹ́sọ̀ àti ẹ̀rọ ìfẹ́rin kọjá agbára ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo. Kò kọjá agbára ẹgbẹ́. Àbá wa ni pé kí á kọ́kọ́ rán ọmọ méjì lọ kọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é kí á tó ra ohunkóhun, nítorí a ti rí ẹ̀rọ tí wọ́n rà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò. Òpó tánkì tiwa ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá dé, nígbà ọyẹ́ tí ojú ọjọ́ gbẹ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti lo ó kéré tán ọdún méjì nídìí iṣẹ́ jórin-jórin, kó mú orúkọ rẹ̀ wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ọmọbìnrin náà lè wá.