Èéfín Kò Mọ Ògiri: Ọ̀rọ̀ Lórí Sìgá Mímu Nínú Ilé Tí Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Jọ Ń Gbé

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀rọ̀ èéfín sìgá ni. Kì í ṣe ti ẹni tí ń mu ún nìkan ni a fẹ́ sọ, bí kò ṣe ti ẹni tí ó wà ní yàrá kejì, tí kò fi sìgá kan ẹnu rí, ṣùgbọ́n tí ó ń fa èéfín rẹ̀ símú ní alaalẹ́.

Ohun tí ó mú wa kọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ ọmọ kéú wa kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. A ṣàkíyèsí pé ó máa ń pa kéú jẹ lemọ́lemọ́. Nígbà tí a bi ìyá rẹ̀, ó ní ọmọ náà ní àrùn ásímà, èyí tí ó máa ń dí ènìyàn léèémí, àti pé òru ni ó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu jù. Ọkùnrin tí yàrá rẹ̀ fara ti tiwọn máa ń mu sìgá ní gbogbo alẹ́ tí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ìyá náà kò lè wí fún un, nítorí ó ń bẹ̀rù ìjà ilé. Ó sọ fún onílé, onílé sì dá a lóhùn pé kálukú ni ó sanwó yàrá rẹ̀. Ìdáhùn yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Lóòótọ́, kálukú ni ó sanwó yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé èéfín mọ ibi tí owó kálukú dé?

IRÚ ILÉ TÍ À Ń GBÉ

Àgbàdo wa yìí, ìlú ojú irin ni. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 ni ó ti ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, nígbà tí wọ́n sì ṣí ojú irin tuntun ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Àgbàdo wà lára àwọn ibi tí ó ń dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tí ó ń sùn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí owó ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ìfọ̀, ní Mówè àti ní Ìbàfò. Nítorí náà ni ilé fi kún, tí yàrá sì ń fara kan yàrá.

Ẹ wo ilé féèsì-mí-àí-féèsì-yù. Yàrá mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín, ilé ìdáná kan, ilé ìwẹ̀ kan. Nínú ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, ògiri tí ó pín yàrá méjì kì í dé abẹ́ páànù. Àjà ni ó dúró sí, òkè àjà sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo láti yàrá kìíní dé ìkejìlá. Bí eku bá sáré lókè àjà ẹnì kan, gbogbo ilé ni yóò gbọ́ ọ. Ọ̀nà tí eku ń gbà kọjá, èéfín náà lè gba ibẹ̀. Àwọn ilé fúláàtì tí a ń kọ́ nísinsìnyí sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà ní ògiri àjọni, àtẹ̀gùn àjọni àti fèrèsé tí ó kọjú sí fèrèsé ẹlòmíràn.

BÁWO NI ÈÉFÍN ṢE Ń RÌN?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èéfín tí ẹni tí ń mu sìgá tú jáde lẹ́nu nìkan ni èéfín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù ni èyí tí ń ti ẹnu iná sìgá náà rú jáde fúnra rẹ̀, nígbà tí ó wà láàárín ìka méjì. Ẹnikẹ́ni kò fà á, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e lọ. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó sì lè wà nínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń gba ihò tí a gba wáyà iná kọjá, ó ń gba ojú àjà tí ó ti ya. Ó tún ń lẹ̀ mọ́ kọ́tìnì, bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ti ṣí fèrèsé, tàbí pé àwọn tan fáànù. Ní ọdún 2006, ọ̀gá àgbà àwọn oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ ìwádìí ńlá kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kò sí ìwọ̀n èéfín sìgá ẹlòmíràn kankan tí a lè pè ní èyí tí kò léwu, àti pé fèrèsé ṣíṣí, fáànù, tàbí yíya àwọn amusìgá sọ́tọ̀ nínú ilé kan náà kò lè mú ewu rẹ̀ kúrò. Lọ́pọ̀ ìgbà, fáànù kan ń tì í sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ni. Lọ́fínńdà tí a fọ́n sínú yàrá pẹ̀lú, òórùn ni ó bò mọ́lẹ̀, kò pa èéfín.

KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀?

Àwọn onímọ̀ ti ka kẹ́míkà tí ó lé ní 7,000 nínú èéfín sìgá, nǹkan bí 70 nínú wọn ni ó sì lè fa jẹjẹrẹ. Ọ̀kan lára ohun tí ó wà níbẹ̀ ni gáàsì carbon monoxide. Gbogbo wa ni a mọ iṣẹ́ ọwọ́ gáàsì yìí, nítorí òun ni ó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí ó máa ń pa odidi ìdílé mọ́jú. Ti inú sìgá kéré sí ti jẹnẹrétọ̀ púpọ̀, kì í pa ènìyàn lóru ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n a ti mọ̀ pé a kì í gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èé ṣe tí a fi ń gba èéfín kejì láyè níbẹ̀?

Ní ọdún 1981, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Japan, Takeshi Hirayama, sọ ohun tí ó rí lára àwọn ìyàwó ilé tí wọn kò mu sìgá rárá. Àwọn tí ọkọ wọn ń mu sìgá ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa jù. Láti ìgbà náà ni ìwádìí ti ń fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé àwọn tí kò mu sìgá tí èéfín ẹlòmíràn ń pa lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù kan. Ti ọmọdé tilẹ̀ burú jù, nítorí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣì ń dàgbà, ó sì ń mí kíákíá ju àgbà lọ. Èéfín yìí ń fa òtútù àyà àti etí dídùn fún ọmọdé, ó sì ń ru ásímà sókè.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn amusìgá kò pọ̀ láàárín wa. Òótọ́ ni. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2012 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, àwọn tí ń lo tábà lónírúurú ọ̀nà kò pé mẹ́fà. Ṣùgbọ́n nínú ilé oníyàrá méjìlá, ẹnì kan ṣoṣo ti tó. Ẹlòmíràn lè sọ pé èéfín igi ìdáná náà kò dára. Òótọ́ ni èyí náà, ó yẹ kí á máa dáná níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Ṣùgbọ́n egbò kan kì í wo òmíràn sàn.

KÍ NI ÒFIN SỌ?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun lójú òfin. Ní ọdún 1990, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin kan tí ó dá sìgá mímu dúró ní ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ọ́fíìsì, sinimá àti ọkọ̀ èrò. Ní ọdún 2005, Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí tábà tí WHO ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ní ọdún 2015, òfin tuntun tí ó gbòòrò jáde. Òfin yìí ka sìgá mímu léèwọ̀ ní ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ọkọ̀ èrò, ilé oúnjẹ àti irú ibi bẹ́ẹ̀. Ó tún sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta sìgá fún ọmọ tí kò tó ọdún 18, àti pé wọn kò gbọdọ̀ tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ fetí sí èyí. Bí a bá rán ọmọ kékeré pé kí ó lọ ra sìgá ẹyọ kan wá ní kíóòsì, ẹni tí ó tà á fún un ti rú òfin lẹ́ẹ̀mejì, àwa ni a sì rán ọmọ lọ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo ènìyàn ń pàdé ni òfin yìí dojú kọ jù. Ọlọ́pàá kò lè máa dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá kálukú lálẹ́. Nínú ilé, àdéhùn àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ni ó máa ń ṣiṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba pàṣẹ fún gbogbo ilé tí ìjọba ń yá àwọn mẹ̀kúnnù pé, ó pẹ́ tán ní oṣù keje ọdún 2018, kí wọ́n ti dá sìgá mímu dúró nínú yàrá, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 25 sí ara ilé. Ìyẹn tó nǹkan bí ìṣísẹ̀ àgbàlagbà mẹ́wàá. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò sọ pé kí amusìgá kó jáde nílé. Ibi tí yóò ti máa mu ún ni wọ́n bá a sọ. Wọ́n fi ṣíṣà pẹ̀lú sínú àṣẹ náà.

KÍ NI Ẹ̀SÌN SỌ?

Nígbà tí tábà kọ́kọ́ dé ilẹ̀ àwọn músùlùmí, ẹnu àwọn àáfà kò kò lórí rẹ̀. Ahmad Bàbá, àáfà ńlá ti Timbuktu, kọ ìwé kan lórí rẹ̀ ní ọdún 1607, ó sì rí i bí ohun tí kò di haráámù. Ní ọdún 1633, Súlútáànù Murad Kẹrin ní Tọ́kì fi òfin líle dè é. Àwọn kan pè é ní makrúù. Nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tí ó ń ṣe nínú ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí ìmọ̀ ìṣègùn hàn kedere, ọ̀pọ̀ àáfà òde òní sọ pé haráámù ni, bí Mùfútì ilẹ̀ Íjíbítì ti sọ ní ọdún 2000.

Àmọ́ ti alábàágbé kò ní àríyànjiyàn. Hádíìsì sọ fún wa pé Jíbírílù ń rán Ànábì létí ẹ̀tọ́ aládùúgbò títí tí ó fi rò pé wọn yóò pín ogún fún un. Ànábì sì ní kí ẹni tí ó jẹ áyù tàbí àlùbọ́sà tútù má ṣe wá sí mọ́sáláṣí, nítorí òórùn rẹ̀ ń ni àwọn ènìyàn lára. Bí ti àlùbọ́sà, tí kì í pa ẹnikẹ́ni, bá rí báyìí, kí ni a ó sọ nípa èéfín tí ń dí ọmọdé léèémí?

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Àwọn àgbà sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Sísọ ni ó kọ́kọ́ yẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ó gbà sọ ọ́ ṣe pàtàkì.

1. Kí á bá ẹni náà sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, ní ọ̀sán, pẹ̀lú ìkíni. Kí á má ṣe pariwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí á má sì pè é ní orúkọ burúkú.

2. Kí á wá ibi kan lẹ́yìnkùlé tí ó jìnnà sí fèrèsé, sí ilé ìdáná àti sí ibi tí ọmọdé ń ṣeré, kí ó máa mu ún níbẹ̀.

3. Ẹ̀yin onílé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí ayálégbé tó kó wọlé, pé a kì í mu sìgá nínú yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òfin tí ènìyàn bá nílé kì í bí i nínú bí èyí tí a ṣe nítorí rẹ̀.

4. Bí a bá ń tún ilé ṣe, kí á mọ ògiri dé abẹ́ páànù, kí á sì dí ihò wáyà. Kò ní mú ewu náà kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n yóò dín in kù.

5. Kí á ran ẹni tí ó bá fẹ́ jáwọ́ lọ́wọ́. Ohun tí ń jẹ́ nicotine nínú tábà a máa de ènìyàn mọ́lẹ̀. Ẹ̀gàn kì í tú u sílẹ̀. Àdúrà, sùúrù, àti ìmọ̀ràn dókítà ni ó ń tú u.

Nípa ti ọmọ kéú wa, àáfà wa kan àti bàbá àgbà kan nínú ilé náà ni ó lọ bá ọkùnrin náà lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Ẹnu yà á. Ó ní nítorí àwọn ọmọ gan-an ni òun ṣe máa ń ti ilẹ̀kùn kí òun tó ṣáná sí i. Kò mọ̀ pé òkè àjà ni ó ń gbé e gbà lọ bá wọn. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni ó ti ń gbé àpótí rẹ̀ lọ sí ìdí ọgbà, lẹ́yìn kànga. Kò tíì jáwọ́ nínú rẹ̀. Àwa kì í ṣe dókítà, a kò sì lè sọ pé àrùn ọmọ náà ti tán, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní ó ń sùn mọ́jú nísinsìnyí, àwa náà sì ń rí i ní kéú.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó tú àwọn tí tábà dè sílẹ̀, kí Ó sì jẹ́ kí á jẹ́ ẹni tí alábàágbé rẹ̀ ń sùn ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Àmín.